Ẹnu Àbòrí

Baba mi, Orímisan, kì í ṣe ẹni ọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ní Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń jẹ ilé wa lójúlé-lójúlé,
ó ń tú àwọ̀n bí ẹni ń tú irun ọmọ tó sùn.
Àbòrí kan já bọ́ sínú ọkọ̀.
Ó rù, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn,
ẹnu rẹ̀ sì kún bámúbámú.
Mo ní, “Baba, alájẹkì lèyí, ẹyin ẹlẹ́yin ló ń jẹ.”
Ó ní, “Wò ó dáadáa. Akọ ni.”

Abo yé e tán, ó bá tirẹ̀ lọ.
Akọ ló ṣà á sẹ́nu,
ẹyin rúsúrúsú, tó tó àgbáyun kékeré.
Oṣù kan, ó lé,
edé ń jó kọjá níwájú rẹ̀, kò la ẹnu.
Omi nìkan ló ń gba ẹnu wọlé,
tó ń gba etí jáde,
kí àwọn ọmọ lè mí.

Má rò pé ó rọ̀ o.
Ẹ̀gún mẹ́ta ló gbé rìn, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì níhà,
ayùn ni, oró sì ń bẹ lára rẹ̀.
Ó gún Jẹ́jẹ́lóyè lọ́dún tí mo ń pààrọ̀ eyín,
àgbà ọkùnrin sunkún ilẹ̀ mọ́.
Irùngbọ̀n ló fi ń ka ẹrọ̀fọ̀,
níbi tí omi dúdú odò ti ń tọ́ iyọ̀ wò.
Òkúta méjì wà nínú agbárí rẹ̀;
bí o bá là á, wàá rí ìlà ọjọ́ orí rẹ̀,
yípo-yípo bíi ti igi gẹdú.
Àwa ọmọdé a máa mì ín létí: kọrọ, kọrọ.

Mo kó ẹyin náà padà sómi, mo fi ọwọ́ méjèèjì kó o.
Baba wò mí.
Kò sọ fún mi pé wọn ò ní yè.

Ìgbọ́kọ̀dá ni mo ń gbé báyìí, òkun ti gbé yàrá wa lọ.
Ẹja ni mo ń yan tà fáwọn ará Àkúrẹ́.
Lánàá mo la ẹnu àbòrí kan, mo bá ẹyin níbẹ̀,
ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

“Mo ti jẹun lójú omi,”
ohun tó máa ń wí nìyẹn lálẹ́ tí gààrí bá kéré.
Àwa márùn-ún á bu ẹ̀bà,
òun á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á dákẹ́,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á jìn.