Erékùṣù Ọjọ́ Méjì

Ogún ọdún ni mo fi ṣèlérí erékùṣù fún Wúràọlá.
Àwòrán kàlẹ́ńdà kan ló kó mi sí i:
omi tó mọ́ bí ojú ọ̀run,
igi àgbọn tó tẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó sọnù,
kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi dùn ún wò.
"Lọ́dún tó ń bọ̀," ni mo máa ń wí.
Ọdún tó ń bọ̀ á dé,
á bá owó ilé-ìwé lẹ́nu ọ̀nà,
á padà.

Lọ́dún yìí, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òkun mọ́.
"Gbé mi lọ síbi tí owó epo ọkọ̀ wa bá lè dé."
La bá kúrò ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú ọyẹ́,
èmi, òun, àti Ṣíjúwadé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Láti Ọ̀dẹ́dá ló ti ń bèèrè: "Bàbá, òkun dà?"

Ẹ̀rọ agbéniròkè ti Olúmọ wà nínú ìsinmi tirẹ̀ náà.
Ẹsẹ̀ la fi gùn ún,
orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àjà.
Nínú ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun,
Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé tó ń fi wá mọ̀nà
nawọ́ sí àwọn kòtò wẹ́wẹ́ lára àpáta:
ibẹ̀ làwọn ìyá ti ń lọ ata.
Wúràọlá kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ kòtò kan,
kò sọ̀rọ̀.
Mo ṣe bí ogun ló ń rò.
Ó ní, "Nínú gbogbo ìbẹ̀rù yẹn,
wọn ò gbà láti jẹ ọbẹ̀ aláìláta."

Lókè téńté, atẹ́gùn fẹ́ gba fìlà mi,
ó sì gbà á.
Ṣíjúwadé ń ka òrùlé. Ó lé ní igba, ó sọ iye nù,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.

Ní Kẹ́mta lọ́jọ́ kejì, ìyá aláró kan, Ẹfúnyẹmí,
kò bá wa fọ̀rọ̀ ṣòfò: "Ẹ ká apá aṣọ yín sókè."
Aṣọ funfun wọ ìkòkò, ó jáde ní àwọ̀ ewé;
ká tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti dúdú.
Ṣíjúwadé ní irọ́ ni. Wọ́n fi àkísà kan tún un ṣe fún un.
"Omi nìkan kọ́ ló ń ṣe é," ìyá náà wí,
"ẹ ní láti gbé e sókè kó mí."
Ó gba owó rẹ̀, kò dín kọ́bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la dé odò Ògùn, nísàlẹ̀ afárá Láfẹ́nwá.
Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi sẹ́yìn,
iyanrìn sì yọ ẹ̀yìn láàárín odò
bí ẹja àrọ̀ tó ń sùn.
Káṣìmáawò ọlọ́kọ̀, tó fi àpò ìrẹsì dí ojú ibi tó ń jò,
bèèrè ohun tá a fẹ́ ṣe níbẹ̀.
"Iyanrìn lásán ni o."
Wúràọlá ní, "Ẹ ṣáà gbé wa débẹ̀."

A jẹ ọ̀fàdà nínú ewé. Iyanrìn bá wa jẹ ẹ́.
Ọkọ̀ ojú irin kọjá lórí afárá,
Ṣíjúwadé ń juwọ́ sí i bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì.
Ó ri igi mọ́lẹ̀, ó so àkísà aláró mọ́ ọn: àsíá.
Ó sọ ìlú náà lórúkọ, kò sọ fún wa.
Ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú dé ọrùn-ọwọ́.
"Ṣé òun nìyí?" mo bèèrè.
Ó wo omi lọ́tùn-ún, ó wo omi lósì.
"Omi yí i ká. Kí ló tún kù?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àmọ́ igi àgbọn dà?"

Oṣù Kẹfà nìyí. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
odò á ti gba ilẹ̀ wa padà,
tàsíá torúkọ.
Lánàá ni mo gbọn bàtà tí Ṣíjúwadé wọ̀ lọ,
iyanrìn dà sílẹ̀ ní pálọ̀, kò tó ẹ̀kúnwọ́.
Mo mú ìgbálẹ̀. Mo tún gbé e padà.
Títí ilẹ̀ fi ṣú,
gbogbo wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.