Ìwúwo

Bàbá mi kò ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.
Ó gbé e.
Ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì,
ó dijú bí ẹni tó ń tẹ́tí sí òjò lórí páànù.
"Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni," Gocha ọlọ́jà wí, "wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà."
"Mo rí i. Ẹgbẹ̀rún wáàtì tó fúyẹ́ bí búrẹ́dì àná.
Bàbà inú rẹ̀ dà? Irin inú rẹ̀ dà?
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ọmọ mi, ìrì ni yóò wó o."

Ọjà Eliava ni, ní Tbilisi, oṣù kejì ọdún,
ìrì dídì ti di ẹrọ̀fọ̀ lábẹ́ bàtà.
Ojú tèmi wà lára dígí.
Àpótí kọ̀ǹpútà kan wà lókè níbẹ̀, funfun báláú,
fáànù mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀, wọ́n pọ́n,
wọ́n di àwọ̀ aró, wọ́n tún pọ́n,
bí ẹni tí kò mọ aṣọ tí òun yóò wọ̀.
Mo ti gbé e sórí tábìlì mi lọ́kàn.
Mo ti nu eruku ara rẹ̀ pàápàá.

Iṣẹ́ mi kò bèèrè ẹwà, mo mọ̀.
Fíìmù àtijọ́ ni mò ń tún ṣe, èyí tó ti bu nínú agolo:
mò ń yọ àpá lójú àwọn tó ti kú.
Ẹ̀rọ ni yóò ṣe é láti alẹ́ dé òwúrọ̀.
Bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá omi lọ.

Ẹ má sọ̀rọ̀ iná fún bàbá mi.
Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń so wáyà
nígbà tí ìlú yìí ṣókùnkùn, ọdún lórí ọdún,
tí òórùn kẹrosíìnì ń bá irun wa lọ sílé ìwé.
Ìyá mi kì í pa bọ́tìnnì iná;
bí ó bá dé ní aago mẹ́ta òru, gbogbo wa a jí, a ó fọṣọ.
Bàbá kì í sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́:
ó gbé páwà kejì sókè, ó gbé e wá sílẹ̀.
"Ẹgbẹ̀rin àti àádọ́ta. Èyí kò purọ́."

Ó ku dígí mi.
Ó fa okùn kan yọ lápò, kókó méjì wà lára rẹ̀:
gígùn káàdì àwòrán mi. Ó ti wọ̀n ọ́n nílé láìsọ fún mi.
Ó nà án sínú àpótí funfun náà.
Kókó kejì yọ síta, ìwọ̀n ìka kan péré.
Gocha ní, "A lè yọ fáànù iwájú."
Bàbá wò ó títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.
Mo bínú sí okùn.

Dúdú la rà. Irin ni, iwájú rẹ̀ lu bí asẹ́,
ó dúró bí àpótí aṣọ ìyá àgbà tí a gbàgbé sí kọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa kì í gbéra láìjẹ owó ẹyọ.
A tú àpò. Kò sí.
Àjà kẹfà là ń gbé.
Ní ẹ̀kẹta ó jókòó, páwà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbà á."
Ó ní, "Fi í sílẹ̀.
Bó bá fúyẹ́ ni, ǹ bá ti fún ọ."