Atalẹ̀ fún Ìkòkò Ẹlòmíràn

Ọyẹ́ Kafanchan kì í kan ilẹ̀kùn,
orúnkún ló máa ń gbà wọlé.
Nọ́ọ̀sì Kazah tẹ tèmi wò, ó ní ọjọ́ orí ni.
Zugwai ní irọ́ ni,
ó ní ẹsẹ̀ ni í wo ẹsẹ̀ sàn,
ó sì gbé mẹ́rin dé nínú àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀.
Èyí tó fi pàfọ̀ tó rò pé òun ń ṣoge,
tó fi tẹ ebè ẹlẹ́bè mọ́lẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

A wí i lórí iná,
a fi abẹ fá a bí orí ìkókó,
a yọ pátákò, a la àárín ọmọ ìka,
ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń sá pamọ́ sí.
Omi àkọ́kọ́, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣàánú rẹ̀.
Ìkejì ni kí ẹ kó àlùbọ́sà sí, ata,
dàddawá tí àwa ń pè ní irú,
àti atalẹ̀, atalẹ̀ púpọ̀, ìlú atalẹ̀ la wà.
Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó.
Wákàtí mẹ́ta. Mẹ́rin.
Bọ̀kọ́tọ̀ le jù ú lọ,
ṣùgbọ́n òun náà mọ ẹni tó ń kánjú.

Ìdí iná yẹn ni mo ti rántí ìyá mi,
aya gáàdì rélùwéè, ọmọ Ọ̀ffà,
tí ìkòkò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ ẹlẹ́dẹ̀.
Ṣíbí tí mo bá fi jẹun nílé ìyá Zugwai,
ibẹ̀ ni yóò sùn.
Síbẹ̀, ní Sátidé tí èéfín bá ti yọ lẹ́yìn ọgbà,
á gbé àpótí síbi tí afẹ́fẹ́ kò ní bá a,
á máa bó atalẹ̀
fún ọbẹ̀ tí kò ní tọ́ wò láéláé.
Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.
Bí a bá béèrè, á ní, "Ọ̀bẹ ilé wọn ti kú."

Ó jinná. Awọ ń gbọ̀n lórí eegun,
ó ń lẹ̀ mọ́ ètè bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí.
A fi tùwó acá jẹ ẹ́,
a ń fa eegun wẹ́wẹ́ mu, a ń tu ú sí ọpọ́n,
wọ́n pọ̀ bí ẹjọ́ ìdílé.

Nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó ní ohun tó ń lẹ̀ yẹn
kì í ti ọ̀fun gba orúnkún lọ tààrà;
inú á kọ́kọ́ wó o bí ilé àlàpà,
ara á kó bíríkì rẹ̀ síbi tó bá wù ú.
Ọ̀rá ńkọ́? Iyọ̀ ńkọ́?
Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́, Màmá?
Mo gbé ìyókù síta kí ọyẹ́ bá mi ṣọ́ ọ.
Ilẹ̀ mọ́, omi rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ,
ọ̀rá funfun bò ó lójú,
mo fi ṣíbí họ ọ́ dànù fún ajá Zugwai.

Orúnkún ṣì ń dùn mí. N kò ní purọ́.
Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni n óò bó atalẹ̀:
ọ̀bẹ ilé wọn kò tíì jí.