Àlejò Abẹ́ Omi

Kòtò tí katapílà gbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo,
ibẹ̀ ni Múníràtù da ewéko kan sí,
tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò ní gbòǹgbò;
òkè òkun ló ti gbé e bọ̀ nínú ike.

Ojú oró ń lékè, òṣíbàtà ń lékè,
èyí ò bá wọn du òkè.
Abẹ́ omi ló lúgọ sí, ó lanu kéékèèké:
ìdin ẹ̀fọn fara kàn án,
pàkúté ré, pá!

A ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ẹní. A rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó rọ̀ lóru,
kòtò kún, ó já sódò Òṣìn.
Mo ní, "Múníràtù, ìdin yẹn náà
lọmọ ẹja ń jẹ."
Kò fèsì.
Asẹ́ ògì ìyá rẹ̀ ló gbé,
ó ń sẹ́ odò,
ó ń sẹ́ odò títí ilẹ̀ fi ṣú.