Ọba Tó Ti Lọ́rì

Lọ́rì Ọ̀jẹ́wándé dẹnu kọlẹ̀ ní Masífà,
ọba ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.
Adé páálí ṣì wà lórí rẹ̀,
ẹfun ojú kò tí ì ṣí tán.
Mo san sísì lálẹ́ àná láti wo ikú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ wá tì í!"
Olorì pọn ọmọ wá.
Ọ̀tá tó gún kábíyèsí lọ́bẹ
fèjìká ti èjìká rẹ̀,
àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo gbé báàgì ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo bá wọn tì í.
Mo bi olorì pé, níbo nilé yín gan-an?
Ó ní, "Ibi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti dákẹ́.
Ìlú tó bá pàtẹ́wọ́, a ó sùn níbẹ̀.
Èyí tí kò pàtẹ́wọ́, a ó sùn níbẹ̀ náà,
ebi ló kàn máa wà láàárín wa lórí ẹní."

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Wọ́n sáré fò gùn ún,
ó di ọ̀nà Ìlọrin.

Tíṣà nà mí lẹ́gba mẹ́fà.
Mi ò ṣàlàyé.
Ta ni yóò gbà pé ọba ló dá mi dúró?