Ọlọ́dẹ Tí Kò Mọ Onílé

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Àrán-Ọ̀rin la bá wá,
ìwọ lórí itan mi, Adéwùsì,
ṣòkòtò mẹ́rin nínú báàgì, ọ̀rá dúdú méjì.
A dúró ní Àjàṣẹ́. A tún dúró ní Gánmọ̀.
Awakọ̀ kì í bínú mọ́. Ó ti mọ inú rẹ.

Ọdún mẹ́ta la fi pe ẹ̀jẹ̀ yẹn ní jẹ̀díjẹ̀dí.
Wọ́n ní eyín ni. Wọ́n ní omi kànga ni.
Àbúrò bàbá rẹ ní ọmú mi ló korò.
Mo gbà á gbọ́;
mo fi kànìnkànìn fọ ọmú títí ó fi bó.

Ní Òkè-Òyì, dókítà obìnrin kan fa àga sún mọ́ mi.
Ó bi mí níṣẹ́ bàbá rẹ.
Mo ní ọlọ́dẹ ni, ó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì ní Òrò.
"Ó dáa. Gbogbo ara ló ní ọlọ́dẹ.
Ti ọmọ yìí kì í sùn, kò sì mọ onílé.
Àjèjì kọjá, ó yìnbọn;
onílé jáde wá tọ̀, ó yìnbọn.
Ìfun rẹ̀ ni ojúde tí ọta ń bà."

Mo ní ta ló gba irú ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́?
Ó dákẹ́. Ó ní kí n ka àwọn arákùnrin ìyá mi fún òun.

Àjíbóyè, tó gbẹ bí ewé tábà.
Oyèníran, tí kò rìn rí.
Ìkẹta kò pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ;
wọ́n fi abẹ sàmì sí i létí, wọ́n ní kó má padà wá.

"Obìnrin ló ń gbé e kiri," ó wí, "ọkùnrin ló ń ṣe."

Èmi tí orí kì í fọ́.
Èmi tí mo ru iṣu láti oko délé láìsọ̀.
Mo ti di ẹrù kan mọ́ ọ, n kò mọ̀.

Oògùn yóò mú ọlọ́dẹ tòògbé díẹ̀;
olè gidi lè gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà
ẹ se omi, ẹ fọwọ́, bí ara bá gbóná ẹ máa bọ̀.

Mo pe bàbá rẹ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní:
"Lóru àná mo gbé kùmọ̀ sókè sí ẹnìkan.
Tọ́ọ̀ṣì ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀gá mi ni."
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

A délé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ Ọlábómi ń fo okùn lójúde,
ara rẹ̀ ń dán, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀.
Mo dúró, mo ń wò ó.