Ohun Tí Ìgò Gbọ́ Lóru

A gbé ẹ̀rọ ńlá sórí pèpéle ilé-epo kan ní Sábó, Ìkòròdú,
ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó àpótí aṣọ ìyàwó,
tó ń fa afẹ́fẹ́ símú ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
tó ń kọ bẹnsíìnì, tó ń kọ tolúínì sójú gíláàsì rẹ̀
bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́.
Ọ̀gá Ògúnnáìkè fi áńkáṣíìfù nù ún.
Ó ní, "Èyí kì í parọ́."

Èmi fi wáyà so ìgò tèmi mọ́ òpó.
Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Èédú ló wà nínú rẹ̀,
èédú dúdú lásán, bíi ti ìdí ààrò.
Kò lo iná, kò ní ohùn,
ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó ń gbọ́ òórùn.

Ọ̀sẹ̀ kan pé. Ẹ̀rọ ní mẹ́sàn-án.
Ìgò lọ sí Yábàá, ó bọ̀, ó ní mẹ́rìnlá.
Ọ̀gá wò mí bí akápò tí owó lé lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ìgò rẹ ń ṣèrú."
Mo gba ìwé ẹ̀rọ, mo fìka tọ ìlà rẹ̀ lọ
títí mo fi kan ihò:
aago méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, òfìfo.
Alẹ́ márùn-ún nínú méje.
Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ sùn.
Ìgbà náà gan-an ni gbogbo Sábó fa okùn jẹnẹrétọ̀,
tí ọlọ́kadà tò síwájú ilé-epo,
tí èéfín dìde bí ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ mọ wákàtí, kò mọ òru.
Ìgò mọ òru, kò mọ wákàtí.
Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ò dáhùn,
ó ń yí orí sílíńdà tí a fi ń tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà,
afẹ́fẹ́ mímọ́ tí a fowó rà.
Gbogbo èyí tó mọ́ ní àdúgbò yẹn, inú irin ló wà.

Sẹ́lífátù ti ń ta epo níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.
Mo bi í bóyá òórùn náà ń dà á láàmú.
"Òórùn wo?"
Ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má baà já mi kulẹ̀.

Mo fi ìgò kékeré kan há ọrùn aṣọ rẹ̀.
"Ìgbà wo ló máa sọ̀rọ̀?"
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní, bí Yábàá bá tètè.
Ó rẹ́rìn-ín, ó na páìpù sí ọkadà tó kàn.
"Kó máa rọra. Èmi ṣì ń mí ní tèmi."